Kí O Tó Gbé Àgbọ̀nrín Kúrò Nínú Igbó

Ilé wa, Ìlobùú,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àṣàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Kíṣí. Ara ìyá rẹ le. Ewúrẹ́ dúdú tí o fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Òjò ò tíì rọ̀ dáadáa. Ìyẹn ni ti ilé.

Mo kọ̀wé yìí dípò kí n pè ọ́ nítorí pé nígbà tí a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, nẹ́tíwọọ̀kì ń gé wa lẹ́nu, gbogbo ìgbà tó bá sì padà, ẹkún rẹ ni mò ń gbọ́. A kì í fi ẹkún kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ó sì ní bí a ṣe ń tò ó. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ìyá rẹ á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù. Kà á nígbà tí ilé bá dákẹ́.

Kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ní àgbọ̀nrín kan ti ń jẹ ewé ẹ̀wà oko yín tipẹ́. O lọ ṣọ́ ọ nírọ̀lẹ́, o sì yìnbọn fún un lẹ́yìn apá, ó ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ fi ọ̀kadà gbé e wálé tòun ti ìfun nínú, torí ẹ fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i ní odindi. Wọ́n rí i. Wọ́n ya fọ́tò. Ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ilé ìdáná títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ẹ máa la inú rẹ̀, òórùn lé gbogbo yín síta, ẹran itan rẹ̀ ti ń ṣe àwọ̀ ewé. Ẹ sin ín. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ wá sọ lójú gbogbo agbo ilé pé bí ẹran tí obìnrin pa ṣe máa ń rí nìyẹn. O ní o ti gbé ìbọn fún ọkọ rẹ, pé o ò ṣe mọ́.

Àṣàbí, ẹran yẹn ò mọ̀ bóyá obìnrin ló pa òun tàbí ọkùnrin. Ooru ló bà á jẹ́. Ooru inú ara rẹ̀ ni, àti ewé tó jẹ kẹ́yìn, tó ń hó nínú àpòlúkù rẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí mò ń kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn, òkété àti ẹtu la jọ ń pa. Ẹtu kéré. A máa ń gbé e kọ́ èjìká wálé ni, ìyá rẹ á wi irun rẹ̀ lórí iná, á la inú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ parí. Àgbọ̀nrín tóbi. Ara rẹ̀ á ṣì máa gbóná nígbà tí ìwọ ti wẹ̀, tí o ti jẹun. Ẹran tó bá tó bẹ́ẹ̀, inú igbó la ti ń la inú rẹ̀, níbi tó kú sí. Ọwọ́ bàbá tó bí ìyá rẹ ni mo ti kọ́ ọ, kò sì rọrùn fún èmi àti àwọn.

O mọ̀ pé ọmọ Ìlobùú ni mí, o mọ̀ pé ọmọ Ìfọ́n ni ìyá rẹ. O mọ bí ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ ṣe rí láàárín ìlú méjèèjì. Mi ò ní kọ nípa ìyẹn síhìn-ín. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé nígbà tí mo lọ tọrọ ìyá rẹ, Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí níwájú ilé, wọ́n ń fi epo nu ìbọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Káfíńtà ni mí, sà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù l'Óṣogbo."

"O ti wọ igbó rí?"

"Mo máa ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi dẹ òkété, sà."

"Òkété," ni Bàbá wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dìde. Wá lọ́jọ́ Sátidé, kí ìrì tó gbẹ."

Ní Sátidé yẹn, kò pẹ́ tí a wọ igbó tí Bàbá fi rí àgbọ̀nrín kan létí odò. Wọ́n yìnbọn, ó ṣubú. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n rìn lọ síbẹ̀, wọ́n wò ó. Wọ́n wá yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀, wọ́n na èèkù rẹ̀ sí mi.

"La inú rẹ̀ ká wò."

Mo ti wo àwọn alápatà lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mo sì ti la pákó tó nípọn ju awọ ẹran lọ. Mo ki ẹnu ọ̀bẹ bọ ikùn rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á wálẹ̀ bí ẹni ń fa ayùn. Mo gbọ́ "fìì", bí ìgbà tí táyà bá ń jò. Àpòlúkù ti bẹ́. Ewé tó ti jẹ dà síta, omi rẹ̀ ń ṣàn sórí ẹ̀dọ̀. Mo ní kí n yára tún un ṣe, mo tún fa ọ̀bẹ lọ sísàlẹ̀, mo bá àpò ìtọ̀ níbẹ̀, mo gé òun náà.

Bàbá ò bú mi. Wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n ní kí n lọ pọn omi wá. Wọ́n fa gbogbo ohun inú rẹ̀ jáde, wọ́n ṣan inú rẹ̀ kíákíá, wọ́n gé gbogbo ibi tí ìtọ̀ ti kàn kúrò. Wọ́n wá fi ewé di èyí tí wọ́n gé kúrò náà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Tìrẹ nìyí. Lọ sè é."

Mo sè é. Ata ò bo òórùn náà, irú ò bò ó. Mo ju ẹyọ kan sí ajá aládùúgbò mi. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá rẹ ti parí síbẹ̀. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Kò jókòó. Ó ní, "Bàbá ní kí n bi ọ́, ṣé o jẹ ẹran yẹn?"

Mo ní, "Mi ò lè jẹ ẹ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní bí o bá sọ pé o jẹ ẹ́, kí n má yà síbí mọ́. Bí o bá sọ òótọ́, kí o wá lọ́jọ́ Sátidé."

Bí ẹ̀kọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo kọ́ ni mò ń kọ sílẹ̀ fún ọ yìí.

Èkíní, ojú ọ̀run ni ẹnu ọ̀bẹ ń wò. Kì í wo ìfun. Tẹ́ ẹran náà lé ẹ̀yìn, kí orí rẹ̀ wà níbi tó ga díẹ̀ ju ìdí lọ, kí ohun tó bá máa ṣàn lè ṣàn lọ sísàlẹ̀. Fi òkúta tì í lọ́tùn-ún lósì kó má yí. Fọwọ́ wá ibi tí egungun àyà parí sí. Ibẹ̀ ni awọ ti rọ̀. Fa awọ náà sókè, lu ihò tí ìka méjì lè wọ̀. Ki ìka méjèèjì bọ̀ ọ́, yà wọ́n bí ẹ̀ka igi, kí ẹ̀yìn wọn máa ti ìfun sísàlẹ̀. Àárín wọn ni ọ̀bẹ ń gbà, ẹnu rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, títí dé ìdí. Ọ̀bẹ náà kò gbọdọ̀ gùn ju ọwọ́ rẹ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ mú. Ọ̀bẹ tó kú ló ń jẹ́ kéèyàn lo agbára, agbára ló sì ń bẹ́ àpòlúkù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Orí ẹran tó ń rùn ni mo ti mọ ìtumọ̀ òwe yẹn.

Èkejì, ìdí rẹ̀. Kí o tó fa ohunkóhun jáde, yí ọ̀bẹ ká ihò ìdí rẹ̀, fa ìfun ibẹ̀ síta díẹ̀, fi okùn so ó pinpin. Ìko ni Bàbá ń lò. Rọ́bà tí wọ́n fi ń so ẹnu ọ̀rá náà á ṣe é. Bí o bá dé ibi àpò ìtọ̀, ọrùn rẹ̀ ni kí o fi ìka méjì fún pa, má tẹ ikùn rẹ̀ rárá, gé e lókè ìka, gbé e jù sí ọ̀nà jíjìn. Ìwọ̀n ìtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó ife tíì, àmọ́ ó tó ba itan méjèèjì jẹ́.

Lẹ́yìn náà, wàá rí awọ fẹ́lẹ́ kan tó pààlà láàárín ikùn àti àyà. Gé e yíká. Ki ọwọ́ méjèèjì wọ inú àyà títí dé ọrùn. Ó gbóná níbẹ̀, ojú rẹ ò ní rí nǹkan kan, ọwọ́ ló máa ríran. Wá gògóńgò. Dì í mú, gé e lókè ibi tí o ti dì í mú, kí o sì ṣọ́ àtàǹpàkò rẹ. Àpá tó wà ní àtàǹpàkò òsì mi, tí o máa ń bi mí nípa rẹ̀ ní kékeré, ayùn kọ́ ló ṣe é, ibẹ̀ ni. Bí gògóńgò bá ti gé, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ. Ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, ẹ̀dọ̀, àpòlúkù, ìfun, gbogbo wọn á tẹ̀lé ara wọn jáde bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Yí ẹran náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà nù. Bọ́wọ́ bá mọ́ ọ lára, kò ní pẹ́ tó àkókò tí ẹ̀kọ fi ń dì.

Ti omi ńkọ́? Má gbé e lọ sódò. Omi odò á kàn gbé ìdọ̀tí ibì kan lọ sí ibòmíì ni, ẹran tútù yòyò sì yára ń bàjẹ́. Aṣọ gbígbẹ ni kí o fi nu inú rẹ̀. Bí nǹkan bá bẹ́ nìkan ni wàá fi omi mímọ́ ṣàn án, wàá sì tún nù ún gbẹ. Fi igi kékeré ti ẹnu ikùn rẹ̀ kó má padé, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, gbé e kọ́ sábẹ́ ibòji. Bí eṣinṣin bá pọ̀, dá iná ewé tútù sísàlẹ̀ rẹ̀. Èéfín la fẹ́, a ò fẹ́ ọwọ́ iná. Bí ẹ bá máa fi ọ̀kadà gbé e, ẹ má dè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà tó ń tú èéfín gbígbóná. Wà ilẹ̀, kí o bo ìfun rẹ̀, kí ajá má baà máa wọ́ ọ kiri oko olóko.

Wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lójú mọmọ. Ẹ̀dọ̀ tó dára máa ń dán, etí rẹ̀ máa ń mú. Bó bá ní àmì funfun káàkiri, tàbí tó wú, tàbí tí ẹran náà ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kí o tó yìnbọn fún un, sin gbogbo rẹ̀, má fi ojúkòkòrò wò ó. Wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà bí àwọn nọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni, Bàbá ò wọ ibọ̀wọ́ rí. Bàbá ò wọ bàtà náà rí.

Ohun tó kàn yìí ló yẹ kí n fi ṣáájú, torí òun ló ṣáájú nínú igbó. Mo fi í sẹ́yìn torí ẹ̀yìn ni mo ti rí i.

Ó ku díẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nígbà náà. Mo ti ń bá Bàbá lọ ní gbogbo Sátidé, mo ti mọ ọ̀bẹ í mú, àmọ́ wọn ò tíì sọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n yìnbọn fún akọ àgbọ̀nrín kan ní ẹ̀gbẹ́ Ìfọ́n. Ó ṣubú, ó dìde, ó sá sọdá odò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìlobùú. A tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. A rí i tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi igbá kan létí oko iṣu.

Bàbá tó jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni wọ́n máa ń dúró, tí wọ́n á ní kí n mí lọ mí bọ̀ kí ọkàn mi balẹ̀ ná, wọn ò dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ Ìlobùú tí a wà ni kò jẹ́. Wọ́n fẹ́ ká tètè gbé ẹran ká tètè padà. Wọ́n gba iwájú lọ bá a, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti di ìwo rẹ̀ mú. Ẹran náà gbérí. Ìwo kan wọ wọn nítan. Ó fà yọ, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wọ àárín ebè, ó ṣubú síbẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi di itan Bàbá gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ lábẹ́ aṣọ. Ojú wọn ti ń funfun, àmọ́ apá ibi tí ẹran wà ni wọ́n ń wò.

"La inú rẹ̀ kíá, ká tó lọ."

"Ẹ jẹ́ ká fi ẹran sílẹ̀ ná, sà."

"Á rà."

"Kó rà, sà."

N kò dá Bàbá lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, mo gbé ìbọn wọn kọ́ ọrùn, mo sọdá odò. Mo rìn títí a fi dé títì. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Òṣogbo ló gbé wa dé ọsibítù. Dókítà ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ. Ìyá rẹ àti ìyá rẹ̀ dé, mo fi Bàbá lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, mo padà sínú igbó. Mi ò retí láti bá ẹran níbẹ̀. Ẹran ọdẹ Ìfọ́n ló kú sí oko ará Ìlobùú, oòrùn sì ti ń ta láti àárọ̀.

Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin kan jókòó lórí ebè, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ewé fẹ́ iná. Àgbọ̀nrín náà wà lórí igi igbá, ó fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ikùn rẹ̀ là gbayawu, inú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Eṣinṣin kan ò bà lé e.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

"Ìwọ lo ni ín?"

"Ọdẹ Ìfọ́n kan ló ni ín, sà. Ó kàn wọ́n nítan. Wọ́n wà ní ọsibítù."

"Ṣé wọ́n wà láàyè?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ti rán ibẹ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ni ọkùnrin náà wí. Ó fọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ méjì ni mo bá níbí. Mo ní ẹni tó bá fi ẹran tó tó báyìí sílẹ̀, ohun tó ju ẹran lọ ló ń lé e. Mi ò fẹ́ kó rà mọ́ ọn lọ́wọ́." Ó na ewé kan sí mi. "Ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ nìyí. Mi ò bù níbẹ̀."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gba itan kan, torí oko rẹ̀ ni ẹran kú sí. Ó mi orí.

"Mo mọ̀ pé oko mi ló kú sí. Ẹni tó yìnbọn ni mo fẹ́ rí. Bó bá ti lè rìn, kó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí mi níbí. Sọ fún un pé Tísà ló wí bẹ́ẹ̀."

Tísà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń wá sóko ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìlú kan náà la ti wá, mi ò sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo jíṣẹ́ fún Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Ṣé ó bẹ́ àpòlúkù rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Àpò ìtọ̀ ńkọ́?"

"Kò kàn án, sà."

"Ọmọ Ìlobùú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo rò pé wọ́n sùn, àmọ́ mo rí i tí èjìká wọn ń mì.

Àwọn kan ní Ìfọ́n sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ìkíni, kó wá gbà á nílé. Bàbá ò bá wọn jiyàn. Nígbà tí wọ́n lè fi ọ̀pá rìn, wọ́n gbé itan yíyan kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ó yá. A sọdá odò. Tísà ń ta iṣu lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ó ń fa ìtàkùn rẹ̀ gun igi. Ó rí wa, ó fọwọ́ nu ara rẹ̀, ó wá pàdé wa lọ́nà kí Bàbá má baà rìn jù. Àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá kí i kú ìtọ́jú, Tísà kí Bàbá kú ewu. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ iṣu ni, àti ti òjò tó pẹ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń wo ibi tí wọ́n ti dáná èéfín. Koríko ti ń hù níbẹ̀.

Nígbà tí à ń padà, Bàbá dúró láàárín odò, omi dé wọn ní ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n di èjìká mi mú. Mo rò pé itan ló ń dùn wọ́n.

Wọ́n ní, "Lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá."

Bí mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ nìyẹn. Títí Bàbá fi kú, bí wọ́n bá pa ẹran ńlá, apá ọ̀tún rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Tísà. Bí Tísà bá wu iṣu tuntun, Bàbá ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ní Ìfọ́n. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwọn ò gbọ́, tàbí kí n sọ pé wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nítorí náà, Àṣàbí, bí ẹran bá ṣubú, dúró. Jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o gbà lọ bá a, má gba iwájú, má gba ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ na sí. Wo ojú rẹ̀: ẹran tó ti kú, ojú rẹ̀ máa ń là sílẹ̀ ni, èyí tó bá padé, sún sẹ́yìn. Fi igi gígùn kan ẹyin ojú rẹ̀. Bí kò bá ṣẹ́jú, ó ti kú. Bó bá ṣì wà láàyè, tún un yìn láti òkèèrè, má lọ bá a jìjàkadì. Bìsìmílà ni kí o sì máa fi yìnbọn, kí àwọn àna rẹ lè jẹ ẹ́ láìṣiyèméjì.

Bí o bá sì bá ẹran ẹlòmíì tó ti kú nínú oko yín, la inú rẹ̀ kí o tó béèrè ẹni tó ni ín. Ìbéèrè lè dúró. Ẹran ò lè dúró.

Ó wá ku ti àbúrò bàbá ọkọ rẹ. Má bá wọn jà, má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ bá wọn jà nítorí rẹ. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ohun tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ ni kò tọ́. Gba ìbọn rẹ padà. Ẹ̀wà yín ṣì wà lóko, ẹran míì á wá. Bí o bá pa á, tí o ṣe é bí mo ṣe wí, gé apá kan níbẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ gbé e lọ bá wọn. Kúnlẹ̀. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tọ́ ọ wò." Má fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà inú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Má rò ó. Fún wọn jẹ. Ó nira láti máa jẹ ẹran dídùn lọ́wọ́ èèyàn kí a sì máa sọ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́. Kó jẹ́ kí ìbọn rẹ máa mọ ẹran yàtọ̀ sí èèyàn. Kí àwọn tó bá jẹun lọ́wọ́ rẹ máa dárúkọ rẹ dáadáa lẹ́yìn rẹ.

Ìyá rẹ ti ń ka ìwé yìí láti ẹ̀yìn mi. Ó ní èéfín ewé ọsàn ló dára jù fún eṣinṣin, pé mi ò sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ó tún ní kí n kọ èyí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe wí gẹ́lẹ́: "Sọ fún un pé láti ìsinsìnyí lọ, kó má gbé ẹran wúwo, kó má sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. Kí ọkọ rẹ̀ máa la inú ẹran, kí òun jókòó síbi ìbòji kó máa júwe fún un."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ.

Mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì jọ sọ lórí fóònù lẹ́yìn tí mo jáde. Mi ò sì ní béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ kí n mọ̀, ẹ ó sọ fún mi. Àmọ́ pákó ọ̀gánwó kan wà ní igun ṣọ́ọ̀bù mi tó ti gbẹ dáadáa, tó tó bẹ́ẹ̀dì ọmọ jòjòló. Mo lọ wọ̀n ọ́n kí n tó parí ìwé yìí. Mi ò tíì gé e.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí Àkànní.